Ilé Tí Siniva Fò

Ìjì ńlá méjì jà ní Savai'i, erékùṣù wa ní Sàmóà, nígbà tí Siniva ṣì ń gbọ́mọ pọ̀n. Èkíní ká òrùlé ilé rẹ̀ lọ sínú òkun. Èkejì wó àwọn òpó tí èkíní fi sílẹ̀. Ó wá pákó, ó tún ilé kọ́. Àrùn wọ inú oko, ewé kókò rà láti etí dé ìdí jákèjádò erékùṣù, àwọn ọkùnrin sì jókòó ti òpó ilé wọn, wọ́n fọwọ́ lẹ́rán. Siniva gbin iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ojú ilẹ̀ kan náà, ó ní kókò yóò bá òun níbẹ̀ lọ́jọ́ tí inú rẹ̀ bá rọ̀. Ọkọ rẹ̀, Peniamina, wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Niu Silandi láti ṣiṣẹ́ ní ilé ìpẹran, ó fẹ́ ìyàwó mìíràn níbẹ̀, kò sì padà wá mọ́. Siniva kò ránṣẹ́ bẹ̀ ẹ́. Àwọn ẹbí ọkọ ní kí ó kúrò lórí ilẹ̀ àwọn. Ó ká ẹní rẹ̀, ó gba àárín ìlú kọjá ní ọ̀sán gangan, kí gbogbo ojú lè rí i pé òun kò sá. Ẹja ẹlẹ́gùn-ún olóró gún un ní àtẹ́lẹsẹ̀ níbi tí ó ti ń wá ìgbín òkun, ẹsẹ̀ náà wú bí ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀, dókítà sì ní ó ṣeé ṣe kí àwọn gé e. Ó ní kí dókítà máa wo ẹsẹ̀ tirẹ̀. Ẹsẹ̀ yẹn náà ló fi tiro títí ó fi di arúgbó.

Kò tẹríba fún ọ̀kankan nínú wọn. Mo lè jẹ́rìí sí i, nítorí ọmọ ìyá ni bàbá rẹ̀ àti ìyá mi, abẹ́ òrùlé kan náà ni èmi àti òun sì ti kọ́ ìrìn. Ohun kan ṣoṣo ló ń borí rẹ̀, ohun náà kò sì ní eyín, kò ní èékánná: kí ó dìde láwùjọ, kí ó la ẹnu, kí ohùn sì jáde.

Bí ó bá jẹ́ pé ìdílé mìíràn ni wọ́n bí i sí, èyí kì bá tí di nǹkan. Ṣùgbọ́n ìdílé agbọ̀rọ̀sọ ni tiwa ní Faletalie. Àwọn olóyè ńlá ìlú wa kì í fi ẹnu ara wọn sọ̀rọ̀ ní gbàgede. Ẹnu wa ni wọ́n ń yá. Taumafola ni orúkọ oyè wa. Ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ ni ó ni ọ̀pá gígùn tí a ń gún mọ́lẹ̀ nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀, òun náà ni ó sì ni ìrùkẹ̀rẹ̀ tí a fi okùn èèpo àgbọn hun, tí a máa ń gbé kọ́ èjìká. Bàbá Siniva ló jẹ oyè náà nígbà ọmọdé wa. Bí ó bá gún ọ̀pá yẹn mọ́lẹ̀ lábẹ́ àwọn igi talie tó yí gbàgede ká, àwọn ajá pàápàá a dùbúlẹ̀. Àwọn igi náà kò sí mọ́. Wọ́n gé wọn nígbà tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà, wọ́n sì ri òpó iná sí ipò wọn. Iná náà kì í tàn.

Ọjọ́ Ìsinmi Àwọn Ọmọdé ni ìdààmú Siniva ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdọọdún, gbogbo ọmọ ìlú a wọ aṣọ funfun, wọn a sì dìde lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú ìjọ láti sọ ẹsẹ tí wọ́n há sórí. Lọ́jọ́ náà, ọmọdé ló ń kọ́kọ́ jẹun, àgbà ló ń gbé oúnjẹ fún wọn. Nítorí náà kò sí ọmọ tí kì í ka oṣù dè é. Ìyàwó pásítọ̀, tí ó mọ̀ pé ojú máa ń ti Siniva, ṣàánú rẹ̀, ó fún un ní ẹsẹ tó kúrú jù lọ, èyí tó sọ pé Olúwa wa sunkún. Ní èdè wa, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọhùn lè sọ ọ́.

Siniva dìde. Gbogbo ìlú ń wò ó láti ẹ̀yìn abẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ń fẹ́. Ó la ẹnu, kò sí ohùn. Ó pa á dé, ó tún là á. Lẹ́yìn náà ni omijé bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Nínú ìdákẹ́rọ́rọ́ yẹn ni Lefau, agbọ̀rọ̀sọ àgbà tó jẹ́ ọ̀rẹ́ àti abánidíje bàbá rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ sísọ, ọkùnrin tí kò lè gbé àwàdà mì, sọ láti orí ìjókòó rẹ̀ pé:

"Ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Àwọn tó kù ń ka ẹsẹ tiwọn fún wa ni. Òun ń ṣe tiẹ̀ ká rí i."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín títí ìjókòó fi ń mì. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn bí oje igi bẹrẹfúrúútù ṣe ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. "Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta, wá bá mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n má pẹ́ o." "Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta, ṣé o ti jẹun? Má dáhùn, ó ti pọ̀ jù." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní etí odò, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lójú ọ̀nà oko.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló gbé oúnjẹ wá fún un, gẹ́gẹ́ bí ìṣe ọjọ́ náà: ẹran ẹlẹ́dẹ̀, kókò, àti ewé kókò tí a fi omi àgbọn sè lórí òkúta gbígbóná. Èmi náà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo ń jẹ tèmi. Bàbá dúró tì í, ó fẹ́ eṣinṣin kúrò lórí àwo rẹ̀.

"Ta lo rí níwájú rẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì?" ni ó bi í.

"Gbogbo ènìyàn ni, Bàbá."

"Irọ́ nìyẹn. Mo mọ ilé kọ̀ọ̀kan tó wà ní Faletalie. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Gbogbo Ènìyàn. Jẹun."

A kò mọ ohun tí ó ní lọ́kàn. A jẹun.

Ìlú kọ̀ọ̀kan ní Sàmóà ló ní oríkì tí a fi ń kí i: olóyè tí a kọ́kọ́ ń dárúkọ, èyí tó tẹ̀lé e, gbólóhùn iyì tí ó tọ́ sí ilé kọ̀ọ̀kan. Agbọ̀rọ̀sọ tí ó bá fo ilé kan, ó ti sọ ní gbangba pé àwọn ará ilé náà kò sí láyé. Láàárọ̀, kí bàbá rẹ̀ tó mu kòkó gbígbóná rẹ̀, yóò máa tún àwọn oríkì náà sọ jẹ́jẹ́, ìlú kan tẹ̀lé òmíràn, bí ẹni ń ka orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Siniva a máa rẹ́ àgbọn lẹ́bàá ibẹ̀. Wọ́n rán mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní Apia, olú ìlú Sàmóà; bí mo ti ń kó ìwé jọ lọ́hùn-ún ni òun ń kó ìlú jọ nílé. Nígbà tí ọjọ́ ogbó dé sí bàbá, tí iyè rẹ̀ ń já bí okùn àtijọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ ń jókòó sí, tí yóò máa fi ohùn tí kò ju ti èfọn lọ sọ orúkọ tó kàn sí i létí. Ní ẹ̀yìn ẹlòmíràn, Siniva kì í ṣìnà.

Ọ̀rọ̀ kan tí bàbá rẹ̀ sọ ní àkókò yẹn ni mo gbọ́dọ̀ sọ kí n tó tẹ̀síwájú. Àṣà kan wà láàárín wa tí à ń pè ní seu. Ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ lè na ọwọ́ ọlá dá agbọ̀rọ̀sọ dúró, kí ó ní òun ti gbọ́, òun ti tẹ́wọ́ gbà. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀ nìyẹn, a ó sì kà á sí èyí tí a sọ tán pérépéré. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin agbọ̀rọ̀sọ kan bá àwọn àlejò wá, ọ̀pá ń jó lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá nawọ́, ó dá a dúró pẹ̀lú ọ̀rọ̀ dídùn, ọmọ náà jókòó, gbogbo ènìyàn sì mí kanlẹ̀. Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, Siniva bi í léèrè bóyá ọ̀rọ̀ ọmọ náà dùn tó bẹ́ẹ̀.

"Kò dùn. Mo ṣàánú rẹ̀ ni."

"Inú rẹ̀ á mà dùn o, Bàbá."

"Inú rẹ̀ á dùn lónìí," ni bàbá wí. "Títí ayé rẹ̀, kò ní í mọ̀ bóyá òun ì bá parí ẹ̀."

Bàbá kú ní àkókò ọ̀gbẹlẹ̀. Ìlú méje ló gbé ẹní àtàtà wá síbi ìsìnkú rẹ̀. Nígbà tí ó kan ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́, ìyá mi ti ọ̀pá olóògbé bọ Siniva lọ́wọ́, nítorí òun ló kúkú tọ́jú bàbá títí ó fi mí èémí ìkẹyìn. Siniva dìde. Ó sọ pé, "A dúpẹ́ o," ó sì jókòó. Mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi pé, "Ó mà ṣì jẹ́ mẹ́ta náà." Nígbà náà ni Vitale, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá tó ń gbé ní Apia, gba ọ̀pá náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ẹnu sán àrá. Wọ́n gbọ́ ọ dé ibi tí omi òkun ti ń fọ́. Ó kí gbogbo ilé, àti olóyè àgbà kan tí àwa fúnra wa ti sin ṣáájú bàbá.

Nígbà tí a kó ẹbí jọ láti yan ẹni tí oyè kàn, ojú gbogbo ènìyàn wà lára Vitale. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun wá. Ṣùgbọ́n Taligi, ìyá mi, ni arábìnrin olóògbé. Láàárín wa, a kì í ju ọ̀rọ̀ arábìnrin sílẹ̀ bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó ní Siniva ni.

"Ìyá, mi ò bá yín jiyàn," ni Vitale wí. "Mi ò sì bá ẹ̀gbọ́n jà. Kí wọ́n gba oyè, kí wọ́n máa nu ọ̀pá yẹn, kí wọ́n máa fi epo àgbọn pa á nílé. Tó bá wá di ọ̀rọ̀ ìta, kí wọ́n gbé e fún mi. Ṣé ìyẹn náà burú?"

"Níbi ìsìnkú, òkú lo kí," ni ìyá mi dá a lóhùn.

"Àṣìṣe ni, Ìyá. Ṣùgbọ́n ṣebí gbogbo wọn ló gbọ́ mi?"

"Gbogbo wọn ló gbọ́ ẹ. Ẹni tó o kí nìkan ni ò gbọ́."

Àwọn ẹbí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kì í yan olóyè. Àwọn kan ní Siniva jẹ́ obìnrin. Ìyá mi ní bàbá rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó ń kọ́ ọ. Àwọn mìíràn sọ ohun tó le jù, nítorí òótọ́ ni: agbọ̀rọ̀sọ tí kò lè sọ̀rọ̀, kí ni à ń pè é? Ibi tí ọ̀rọ̀ já sí ni pé Siniva yóò gba oyè náà. Lẹ́yìn ọdún tuntun, àwọn ará ìlú Malaetoa yóò wá bá wa ya ilé ìjọsìn tuntun sí mímọ́. Òun ni yóò kí wọn. Bí ó bá parí ìkíni náà, ọ̀pá di tirẹ̀ títí ikú. Bí ó bá kùnà, ọ̀pá yóò kọjá sí ilé Vitale, gbogbo wa sì mọ̀ pé ọ̀pá tó bá ti jáde nílé kì í mọ ọ̀nà àbọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, èmi àti Siniva ń ká ẹní. Agogo àdúrà ìrọ̀lẹ́ ti dún, sílíńdà gáàsì àtijọ́ tí a so mọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò. Mo ṣì ń gbọ́ dídún rẹ̀ nínú etí mi di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agogo gidi ni wọ́n ń lò báyìí.

"Òrùlé lọ, ọkọ lọ," ni Siniva wí. "Nínú gbogbo ẹ̀, òrùlé ló dùn mí jù. Ṣùgbọ́n ọ̀pá Bàbá yìí, tó bá lọ, mi ò mọ ẹni tí n ó máa jẹ́."

"Kí ló ń bà ẹ́ lẹ́rù gan-an?"

"Ojú wọn ni. Tí mo bá ti dìde báyìí, gbogbo ojú yẹn á para pọ̀ di ojú kan ṣoṣo."

"Kí ni orúkọ ojú ọ̀hún?"

Ó bojú wò mí bí ẹni tí mo bú. Lẹ́yìn náà ni ó jókòó lórí ẹní tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀. "Bàbá yẹn," ni ó wí. "Bàbá yẹn, ó gbé ẹran síwájú mi, ó fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀."

Inú bọ́ọ̀sì ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí ọjà Salelologa láyé ìgbà náà mọ bí ó ti rí: ìjókòó pákó, orin tó ń dún títí eyín ènìyàn fi ń mì, àti pé bí ọkọ̀ bá kún, ìyẹn kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àti wọlé. Itan ẹlòmíràn ni a ó jókòó lé. Siniva gbé ẹní tí ó fẹ́ lọ tà wọlé, kò sí àyè. Kolotita, obìnrin gbẹ̀ǹgbẹ̀ kan láti ìlú tó tẹ̀lé tiwa, gbá itan rẹ̀ gbàà.

"Máa bọ̀ níbí. Mi ò ní í jẹ ẹ́."

Siniva jókòó. Ó yíjú sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn jẹ́jẹ́ kí i pẹ̀lú oríkì ìlú rẹ̀, láti orí olóyè àgbà wá sí orí ilé bàbá rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kí ènìyàn ní gbàgede.

Kolotita gbọ́ ọ díẹ̀. Ó wò yíká. "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Màmá."

"Kí ló wá dé tó ò ń kí mi bí ẹni pé wọ́n fẹ́ sin mí?"

"Ẹnu mi ni mò ń kọ́."

"Ó dáa, máa kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n o ti gbàgbé ilé ìyá mi."

"Mi ò gbàgbé wọn. Ẹ̀yin lẹ ń kánjú. Mò ń bọ̀ níbẹ̀."

Inú Kolotita dùn dé ọrùn. Nígbà tí Siniva tún wọ ọkọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Kolotita ti sọ fún ẹni tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹni yẹn náà sì fẹ́ kí wọ́n kí òun. Báyìí ni ó ṣe ń kí ẹnì kan, ẹni méjì, ìlà ìjókòó kan. Àwọn kan ń fi í ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ní kí ó kí àwọn adìyẹ tó wà lábẹ́ ìjókòó pẹ̀lú. Ó kí wọn. Ó sọ ilé tí wọ́n ti gbé adìyẹ kọ̀ọ̀kan wá. Ṣáájú ọdún tuntun, mo wà nínú ọkọ̀ náà lọ́jọ́ kan tí bàbá arúgbó kan kígbe sí awakọ̀ láti ẹ̀yìn pé, "Pa orin yẹn, jàre. Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta ti dé ìlú kejì sí tiwa, mo fẹ́ gbọ́ tó bá kàn wá." Awakọ̀ pa orin. Ó kàn wọ́n. Arúgbó náà ṣí fìlà, ó di í mọ́ àyà títí ó fi parí. Bọ́ọ̀sì yẹn ti di ìpàǹtí nísinsìnyí lẹ́yìn ilé awakọ̀, àjàrà ìgbẹ́ ti gba ojú fèrèsé rẹ̀. N kì í kọjá níbẹ̀ kí n má wò ó.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Òun kò rò bẹ́ẹ̀.

"Orí itan ni mo ti ń sọ ọ́," ni ó wí fún mi. "Gbàgede ò nítan."

Àwọn ọmọ ìwòyí a máa sọ ìtàn ọjọ́ tí àwọn ará Malaetoa wá. Wọ́n ní Siniva dìde, ó sì sán bí àrá. Kò sán bí àrá. Mo wà níbẹ̀, ojú mi kò fọ́, etí mi kò sì di.

Àwọn àlejò jókòó sí apá kejì gbàgede, lábẹ́ òjìji igi talie, àwọn olóyè wọn ní iwájú. Àwa jókòó sí apá tiwa. Kí ẹnikẹ́ni tó dìde, àwọn agbọ̀rọ̀sọ wa kọ́kọ́ du ọ̀rọ̀ náà láàárín ara wọn gẹ́gẹ́ bí àṣà, olúkúlùkù ń fi ìwà pẹ̀lẹ́ sọ ìdí tí ó fi yẹ kí a fi í fún òun. Lefau, tí irun rẹ̀ ti di òwú báyìí, ní òun ti gbó, ó lè jẹ́ èyí ni òun yóò sọ kẹ́yìn. Àwọn tó kù gbà fún un. Ó ku Siniva.

"Ọ̀pá Taumafola ló máa ń kí Malaetoa," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ kó kí wọn."

Lefau wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ṣé mẹ́ta náà ni, àbí wọ́n ti pé mẹ́rin?"

"Tó bá ń jáde, Bàbá, kẹ́ ẹ máa kà á."

Àwọn agbọ̀rọ̀sọ bú sẹ́rìn-ín. Lefau gbé ọwọ́ sókè, ó sì yọ̀ǹda.

Ó tiro bọ́ sí ojú oòrùn. Ó gún ọ̀pá mọ́lẹ̀, ó gbé ìrùkẹ̀rẹ̀ kọ́ èjìká. Ní apá ọ̀tún mi, Vitale fara ti ọkọ̀ tí ó wà wá láti ibi ọkọ̀ ojú omi, ó ká ọwọ́ lérí àyà. Siniva bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá àgbà kan láàárín àwọn àlejò fi ọwọ́ ká etí. Ó kí olóyè àkọ́kọ́, ó sì wo ojú rẹ̀ bí ó ti ń kí i. Ó kí èkejì, ó yíjú sí òun náà. Ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilẹ̀ tẹ̀. Ìyá àgbà yẹn sọ ọwọ́ kalẹ̀ kúrò létí. Ilé kan tẹ̀lé òmíràn, kò sí kánjúkánjú níbẹ̀. Mo gbọ́ bàbá rẹ̀ nínú rẹ̀, mo sì gbọ́ ohun kan tí bàbá rẹ̀ kò ní, ìwọ̀n díẹ̀ nínú ohùn ẹni tó ti jókòó lórí itan ẹni tí ó ń kí.

Ọkọ̀ Vitale ló bà á jẹ́. Vitale fara tì í jù, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé, ó tẹ fèrè ọkọ̀, ó sì dún fíìn. Siniva bojú wẹ̀yìn. Ó rí ẹ̀rín tó wà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ó tún kọjú sí àwọn àlejò, ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀ lójú ọ̀nà: ó fo ilé kan, ó sì kí èyí tó tẹ̀lé e.

Kùn-ùn gbéra láàárín àwọn ará Malaetoa bí atẹ́gùn nínú ewé àgbọn. Abẹ̀bẹ̀ kan dúró. Òmíràn dúró. Siniva gbọ́ ọ. Ó dákẹ́. Àwa tí a wà ní apá tiwa kò rí ojú rẹ̀. Ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ni mo ń wò, mo rí i tí ó le gan-an bí mo ti rí i nígbà tí aṣọ funfun wà ní abẹ́ rẹ̀ níwájú ìjọ. Vitale dìde kúrò lára ọkọ̀, ó tún kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe.

Ilé tí ó fò kì í ṣe ilé kékeré. Ilé Tapusoa ni, agbọ̀rọ̀sọ àgbà gbogbo Malaetoa, ọkùnrin tó jókòó ní iwájú gan-an, tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sì ti bọ́ sílẹ̀ lórí orúnkún. Bí ó bá bínú, ó tọ́ sí i. Bí ó bá kó àwọn ènìyàn rẹ̀ dìde kí wọ́n máa lọ, kò sẹ́ni tí yóò bú u. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ sókè. Seu ni. Ojú rẹ̀ kò le rárá.

"Ó ti tó, ọmọ Taumafola," ni ó wí, gbogbo gbàgede sì ń gbọ́. "Bàbá ẹ ti kí wa tó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Oòrùn ń mú, ẹsẹ̀ ọ̀hún ò sì fẹ́ ìdúró. A ti gbọ́ ọ, a ti gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Jókòó sínú ọlá ẹ."

Mo gbọ́ bí apá tiwa ti mí kanlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti pé. Ẹbí kò ní ohun tí wọn yóò sọ mọ́. Ìkíni tí a bá gbà báyìí, a ti parí rẹ̀, ọ̀pá sì ti di tirẹ̀. Ohun tí ó kù ni kí ó tẹ orí ba, kí ó sì jókòó.

"Gbà á, ọmọ mi," ni Lefau wí lábẹ́ ohùn. Láti ọjọ́ aṣọ funfun yẹn, kò tíì pè é bẹ́ẹ̀ rí. "Gbà á kíá."

Siniva kò bojú wẹ̀yìn. Ó gbé ìrùkẹ̀rẹ̀ kúrò ní èjìká kan sí èkejì. Ó wo Tapusoa, òun nìkan ṣoṣo, bí ẹni pé kò sí ẹlòmíràn lábẹ́ igi yẹn.

"Ẹ ṣé gan-an, Bàbá," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ilé yín ni mo fò. Ẹ ṣì wà níta, mi ò lè jókòó láì kí yín wọlé. Mi ò gbà á."